Obì Àwáwù àti Ọ̀rọ̀ Àkọ́kọ́ Ìlú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Àwáwù jẹ́, ẹ má bi àwọn tó ti jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn yẹn á ní obìnrin àtàtà ni, á ní ọbẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ́, á ní kò sí arìnrìnàjò tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ fún lómi mu kó tó béèrè ibi tó ti ń bọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n obìnrin àtàtà yìí ní ọkùnrin kan nínú, kì í sì í ṣe ìfẹ́ ló fi gbé e sínú. Ìmórù ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà. Àwáwù á jí, á ṣe alùwàlá, á kírun àárọ̀, kó sì tó ká ẹní rẹ̀ tán, á ti rántí Ìmórù.

Ilé rẹ̀ wà ní etí ìlú Tchaourou, lójú ọ̀nà tí àwọn ọ̀wọ́ èrò ń gbà láti ilẹ̀ Gbànja lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Ayé ìgbà tí òyìnbó kò tíì dé agbègbè náà là ń wí o. Ọba ńlá kan wà níhà àríwá nígbà náà, òun ló ni àwọn ẹlẹ́ṣin, òun ló ni ìdájọ́, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ìlú kéékèèké wà. Ìlú kékeré kò lè dá òfin ṣe. Ibi tí ọjà máa wà, ẹni tó máa gba owó ibodè, ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́ṣin máa ṣọ́, ọba àti igbìmọ̀ rẹ̀ ló ń pinnu gbogbo ìyẹn. Ohun tí ìlú lè ṣe kò ju pé kí ó bẹ̀bẹ̀ lọ.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, àwọn àgbà á lọ sí ààfin láti lọ bẹ ẹ̀bẹ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ máa ń pọ̀ nílẹ̀: kànga tó gbẹ, àwọn màlúù tó ń jẹ oko olóko, oyè tí ìdílé méjì ń jà sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni igbìmọ̀ ọba ń gbà lọ́wọ́ ìlú kan. Wọ́n á gbé igbá obì gbànja kalẹ̀ níwájú ọba. Ohun tí ìlú bá sọ kí ọba tó la obì, ìyẹn ni wọ́n máa ṣe. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ́yìn tí obì bá ti là, gbogbo igbìmọ̀ á mi orí pọ̀, wọ́n á ní, "A gbọ́ o." Ẹni tí wọ́n bá ti wí fún pé "A gbọ́ o" ní ààfin yẹn, kó yáa di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé. Àṣà sì ni pé ẹni tó bá pèsè obì ló máa sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ ìlú. Èyí kò ṣòro fún Ìmórù. Ó lóko, ó ní ìbátan láàárín àwọn oníṣòwò, obì kì í wọ́n ọn. Lọ́dọọdún, òun náà ni.

Lákòókò tí à ń wí yìí, ọkọ Àwáwù ti kú, ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló sì kù sí i lọ́wọ́. Sùrájù lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ gíga, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń ṣe òrí, òun ń ru ú lọ tà ní Kika, ó sì ní láti la odò Ọ̀pàrà kọjá kó tó débẹ̀. Ibi ìkọjá odò yẹn ló di wàhálà. Àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í ba síbẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìjà wọn, torí pé àwọn kì í rìn láìkó ọlọ́fà dání. Ẹni tó bá ru ẹrù kan ṣoṣo, tó ń dá rìn, òun ni wọ́n ń gbé lọ.

Àwọn obìnrin bá kó ara wọn jọ, wọ́n tọ àwọn àgbà lọ, Àwáwù ló sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ ọba kó fi ẹlẹ́ṣin díẹ̀ ṣọ́ odò. Kò sí àgbà tó jiyàn. Bàbá Àmídù, tó dàgbà jù láàárín wọn, ní ọ̀rọ̀ náà ló yẹ kó ṣáájú lọ́dún náà. Ìmórù náà mi orí, ó kọjú sí Àwáwù, ó ní, "Ìyá Sùrájù, fọkàn balẹ̀."

Àwáwù fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń bí i nínú jù lẹ́yìn ìgbà náà nìyẹn: pé òun fọkàn balẹ̀ lóòótọ́, pé òun lọ sílé, òun sì sùn.

Nígbà tí Ìmórù dé iwájú ọba, tó gbé igbá obì kalẹ̀, ọjà ló tọrọ. Ó ní kí ọba jẹ́ kí ọjà ńlá máa wáyé ní Tchaourou, kí àwọn ọ̀wọ́ èrò sì máa sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ ni ọjà máa bọ́ sí, ojú kò kúkú fọ́. Ọba la obì. Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ odò tẹ̀ lé e, igbìmọ̀ ní, "A gbọ́ o." Nígbà tí wọ́n padà dé, ìlú ń jó, ìlú ń yọ̀ pé a ti gba ọjà. Àwáwù wá Ìmórù lọ sí ilé rẹ̀.

"Bàbá Kàrímù, odò ńkọ́?"

Ìmórù rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ ò gbọdọ̀ parọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ ni.

"Odò kò ní sá lọ, Ìyá Sùrájù. Tó bá di àmọ́dún, a ó sọ ọ́. Ọjà yìí ni gbogbo wa máa jẹ, ìwọ náà á jẹ níbẹ̀."

Ọdún náà kò tíì yí po tí wọ́n fi gbé Sùrájù lọ. Àwọn tó wá a dé etí odò kò rí i. Ẹrù rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá, ó dojú dé sórí iyanrìn, oòrùn ti yọ́ òrí inú rẹ̀, ilẹ̀ sì ti mu ún. Ìmórù wá kí Àwáwù tòun ti ẹbí rẹ̀. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ní àdánwò Ọlọ́run ni. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń ṣe àmín. Àwáwù ń wò ó lẹ́nu. Ọlọ́run wo? Ṣé Ọlọ́run ló gbé igbá obì síwájú ọba? Ṣé Ọlọ́run ló gba ọjà? Kò sọ ọ́ jáde. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá." Ọjọ́ yẹn gan-an ló pinnu pé òun máa san án fún Ìmórù, òun á sì san án ní ààfin kan náà, níwájú igbìmọ̀ kan náà.

Àwọn kan á bínú lónìí, á tutù tó bá dọ̀la. Ti Àwáwù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀ fún àwọn ọ̀wọ́ èrò tí ọjà Ìmórù ń kó wá. Ó kọ́ àtíbàbà, ó gbẹ́ ibi tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á ti máa mumi, ó ń ro ọkà bàbà, ó ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń wí dé ilẹ̀ Gbànja pé tí ẹ bá dé Tchaourou, ilé Àwáwù ni kí ẹ sùn. Tí àwọn èrò bá fẹ́ fún un lówó, á ní kí wọ́n fi obì san án. Àwọn aládùúgbò rò pé ó fẹ́ràn obì. Eyín rẹ̀ funfun báláú, kò sẹ́ni tó rí i kó fi obì kan ẹnu rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó bi í léèrè. Bí ènìyàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ojú á rí, ọkàn kò ní rò ó.

Ó kọ́ ìtọ́jú obì lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò. Á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, á to obì sí i, á tún fi ewé bò ó, á wọ́n omi sí i níwọ̀nba. Á máa tú u wò, á máa ṣa èyí tí kòkòrò bá ti wọ̀ kúrò kó má ba ìyókù jẹ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ìmórù ṣì ń gbé obì lọ sí ààfin, lọ́dún kan owó ibodè ló tọrọ, lọ́dún mìíràn oyè fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Odò kò kan ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rí. Wọ́n sì ń gbé àwọn ọmọ tálákà lọ. Bí wọ́n bá ti gbé ẹnì kan, Àwáwù á lọ bá ìyá onítọ̀hún sunkún, á padà wálé, á tún wọ́n omi sórí obì rẹ̀, á ní ọjọ́ Ìmórù kò tíì pé.

Ó wá di ọdún kan, ogun bẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà Gbànja. Kò sí ọ̀wọ́ èrò tó ń ti ìwọ̀ oòrùn wá mọ́. Obì wọ́n títí kò sí, àfi èyí tó ti gbẹ tàbí èyí tí kòkòrò ti lu. Ọdún yẹn gan-an ni wàhálà kan Ìmórù. Kàrímù ọmọ rẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin tó ti níyàwó, bá ìránṣẹ́ ọba jà lọ́jà lórí ẹrù tí wọ́n ní kò san owó rẹ̀, ó sì ṣẹ́ ìránṣẹ́ náà lápá. Wọ́n dè é, wọ́n mú un lọ sí ààfin. Ìdájọ́ tó ti ibẹ̀ wá kò lọ́jú pọ̀: bí ìlú rẹ̀ bá fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún un, wọ́n á tú u sílẹ̀, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á tà á fún àwọn oníṣòwò ẹrú.

Ìmórù wá obì kiri bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó tó ń wá omi. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé Àwáwù.

"Ìyá Sùrájù, wọ́n ní o ní obì."

"Mo ní obì, bàbá."

"Tà á fún mi. Ohunkóhun tó o bá pè é."

"Mi ò tà á. Ìlú ni mo fẹ́ fún."

Ìmórù mọ àṣà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń kúnlẹ̀ kí bá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ àgbàlá, láàárín ìgbẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

"Àwáwù, nígbà náà ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Bá mi fi ti Kàrímù ṣáájú. Òun nìkan ló kù mí kù."

Àwáwù wò ó nílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ó ti máa ń rò pé bí ọjọ́ yìí bá dé, òun á bú u, òun á ka gbogbo rẹ̀ sí i létí. Nígbà tó dé, kò wù ú láti bú u mọ́. Ó fà á dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀ nù.

"Bàbá Kàrímù," ó ní, "ẹ fọkàn balẹ̀."

Ìmórù sì fọkàn balẹ̀. Ó súre fún un títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn àgbà kan kùn pé obìnrin kò sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rí. Bàbá Àmídù bi wọ́n pé ta ni ó ní obì nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tán. Wọ́n gba ọ̀nà ààfin, Àwáwù ló ru igbá náà fúnra rẹ̀, kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá a rù ú.

Ní ààfin, ọba jókòó sórí awọ, igbìmọ̀ rẹ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Obì tútù rèé, ó pupa, ó ń dán, lọ́dún tí kò sí obì! Àwọn ìjòyè ń na ọrùn wò ó. Ìmórù jókòó sẹ́yìn Àwáwù pẹ́kípẹ́kí, Àwáwù ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ọba mú obì kan lọ́wọ́, ó ní kí Tchaourou sọ ohun tó ń fẹ́.

"Kábíyèsí," Àwáwù ní, "ìlú wa kí yín. Odò Ọ̀pàrà ni a bá wá. Wọ́n ń kó wa lọ́mọ níbẹ̀. Ẹ bá wa fi ẹlẹ́ṣin ṣọ́ ibi ìkọjá náà, lẹ́ẹ̀rùn àti lójò. Òun náà ni. A kò ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ mìíràn."

Èémí tó ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ọba la obì.

Kò tíì fi í sẹ́nu tí Ìmórù fi wó síwájú, ó ń pariwo, "Kábíyèsí, Kàrímù ọmọ mi! Kábíyèsí, ẹ ṣàánú mi!" Àgbà tó mọ gbogbo ìlànà ààfin tẹ́lẹ̀ ń rákò níwájú ọba bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Igbìmọ̀ mi orí pọ̀.

"A gbọ́ o," ni wọ́n wí.

Ó dùn mọ́ Àwáwù. Ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ pamọ́: ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Ó tẹ orí ba bí ẹni tó ń dúpẹ́, kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Ta ni ó máa bá a wí? Ohun tó tọrọ ni ohun tí ìlú nílò jù, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n. Lójú ọ̀nà àbọ̀, àwọn àgbà tó kùn sí i tẹ́lẹ̀ ń yìn ín. Wọ́n ní obìnrin tó lójú àánú ni, tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnì kan borí ti gbogbo ìlú. Àwọn ẹlẹ́ṣin dé odò kí òṣù tó lé, wọ́n pàgọ́ síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù lọ sí Kika, wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìyá kan tilẹ̀ sọ ọmọ tuntun rẹ̀ ní Àwáwù nítorí rẹ̀. Ó lọ sí ìkómọ náà, ó gbé ọmọ náà jó, ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé bó bá jẹ́ òkúta lásán ni òun lè fi pa Ìmórù lára tó bẹ́ẹ̀, òkúta lásán ni òun ì bá tọrọ. Kò sí ẹni tó mọ èyí àfi òun nìkan. Ìmórù kó lọ sí abúlé oko rẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́.

Ó yẹ kí ìtàn náà parí síbẹ̀. Àmọ́ ojú ọ̀nà ni ilé Àwáwù wà, ohun gbogbo tó bá ń rìn lójú ọ̀nà ló ń yà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ọ̀wọ́ oníṣòwò kan ti ìhà àríwá dé. Wọ́n kó ẹrú bíi mélòó kan dání, okùn ló so wọ́n pọ̀ lọ́rùn. Àwáwù ń bu oúnjẹ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe ń bù ú fún gbogbo èrò, ọ̀kan nínú wọn sì gbójú sókè.

"Ìyá Sùrájù."

Kàrímù ni. Ó ti rù, ẹnu rẹ̀ ti bó. Àwáwù mú igbá oúnjẹ náà dání, kò mọ bí yóò ṣe gbé e kalẹ̀.

"Ìyá, ṣé bàbá mi dé ààfin?"

"Ó dé ibẹ̀."

"Ṣé ó sọ̀rọ̀ mi?"

"Ó sọ ọ́. Ó sunkún."

Kàrímù mi orí. Kò bi í léèrè ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó ti sọ fún un. Ó gba oúnjẹ, ó jẹ díẹ̀, ó wá fà sún mọ́ ọn tó bí okùn ṣe gùn tó.

"Ìyá, ẹ bá mi ránṣẹ́ sí i. Ẹ ní mi ò bínú sí i. Ẹ wá sọ fún un pé ọ̀gá wọn yìí ti gbà. Kika ni wọ́n máa sinmi sí títí wọ́n á fi ná ọjà ibẹ̀ tán. Bí bàbá mi bá bá wa níbẹ̀, ọ̀gá náà á jẹ́ kó rà mí padà. Tí wọ́n bá ti kúrò ní Kika, ó tán. Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí."

"Mo ti gbọ́," Àwáwù ní. "Jẹun."

Wọ́n kúrò kí ojú tó là tán. Oòrùn kò tíì mú tí Ìmórù fi dé láti oko, ó ń mí helehele, ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, bàtà ẹsẹ̀ kan ti já. Ẹnì kan ti lọ sọ fún un pé wọ́n rí Kàrímù. Ó di òpó àtíbàbà mú.

"Wọ́n ní ó sùn níbí."

"Ó sùn níbí."

"Ṣé ó jẹun?"

"Mo fún un lóúnjẹ, ó jẹ ẹ́."

Omi bọ́ lójú bàbá náà. "Ṣé kò sọ nǹkan kan? Ṣé kò rán ọ níṣẹ́ sí mi?"

Àwáwù wò ó. Ó rí i pé ó ti di arúgbó. Ó rí i pé bó bá sọ ọ́ nísinsìnyí, ọkùnrin yìí á fi bàtà tó já yẹn sáré dé Kika, àwọn ẹlẹ́ṣin á sì mójú tó o kọjá odò láìséwu.

"Kò sọ nǹkan kan," ó ní.

"Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà?"

Àwáwù nawọ́ sí ọ̀nà Tchatchou, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà Kika.

Ìmórù tún kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló ṣàánú rẹ̀, o fún un lóúnjẹ. Ọlọ́run á san án fún ọ." Ó dìde, ó gba ibi tí ó nawọ́ sí, ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, ó ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ bí ẹni pé ó ti ń rí i níwájú. Àwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó títí ó fi ku bíńtín. Ó ya ẹnu láti pè é padà. Àwọn èrò mìíràn ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń béèrè omi, ó sì yí padà láti lọ bu omi fún wọn.